Yanrìn Iwájú Géètì Akínọ̀ṣọ́

Ẹ̀yìn ni Àlájà Rùkáyàt ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ká má sì fi bò, ìdí rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ rí. Ìdí kan báyìí nínú ṣòkòtò kóòtù aláwọ̀ eérú, tó ń gun òkè yanrìn lọ bí alángbá tí oòrùn ń pa. Ọkùnrin náà gbé kúlà funfun kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó, bó bá sì ti sún sókè díẹ̀, yanrìn á tún fà á sọ̀ kalẹ̀.

Yanrìn Àlájà sì ni.

Ìgbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ lọ̀rọ̀ yìí, tí eruku ò jẹ́ kéèyàn mọ aṣọ funfun yàtọ̀ sí ti búráwùn, tí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ bíńtín ń kọ́lé sórí rẹ̀. Yanrìn ni Rùkáyàt ń tà. Ọkọ rẹ̀ ló fi yáàdì náà sílẹ̀ fún un ní Ajah kó tó kú, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ńlá. Bí ẹ bá dé Ajah tí ẹ ní Àlájà Oníyanrìn, kódà ọlọ́kadà tó dé láti ìlú òkè lánàá á gbé yín débẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rán Tájù, awakọ̀ típà rẹ̀, sí Thomas Estate. Géètì dúdú tó wà lápá òsì ló wí. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni ilé tí wọ́n ti fẹ́ yanrìn wà. Irú ìgbàgbé yìí ti ń dààmú rẹ̀ láti bí ọdún kan. Ó lè wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri kó sì jẹ́ pé ó wọ̀ ọ́ sójú. Ó gbà pé ọjọ́ orí ni. Àwa tọ́mọ wa ti bímọ, kí la ò tíì gbàgbé rí? Ni Tájù bá da odindi típà yanrìn dí géètì ẹni tí kò kọ́ ohunkóhun. Ìgbà tí Àlájà rántí, tó fò sórí kẹ̀kẹ́ tó sáré dé ibẹ̀, ìdí aláwọ̀ eérú yẹn ló kí i káàbọ̀.

"Bàbá, ẹ rọra o! Ẹ má jábọ́!"

Ariwo yẹn gan-an ló mú ẹsẹ̀ ọkùnrin náà yẹ̀. Ó yí padà láti wo ẹni tó ń pè é, ló bá fi ìdí yọ̀ wálẹ̀ látòkè, ó gbé kúlà sókè orí, kò sì dúró títí ó fi gúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ Àlájà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò fara pa?"

"Kúlà ò dànù," lọkùnrin náà fi dá a lóhùn, inú rẹ̀ sì dùn.

"Kí ló wà nínú ẹ̀? Áísìkiriìmù?"

"Ẹ̀jẹ̀."

Àlájà fò sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Yéè! Tájù! Tájù, gbé ṣọ́bìrì bọ̀ o!"

"Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn mi ni!" ọkùnrin náà tètè là á mọ́lẹ̀, torí Tájù ti ń bọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lóòótọ́. "Dókítà ni mí. Akínọ̀ṣọ́ lorúkọ mi. Àwọn kókó kéékèèké kan tó wà nínú ọrùn ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí."

Bó ṣe sọ ọrùn báyìí, ó gbójú sókè wo ọrùn Àlájà. Kò sì gbé e kúrò mọ́.

Ọrùn Rùkáyàt, ọrùn tó ti rí ayé ni. Ó ti hunjọ, eruku Ajah sì ti fa ìlà sáàárín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́nì kankan tó tíì wo ọrùn yẹn kọjá ìṣẹ́jú kan. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, àmọ́ ká sọ òótọ́, ńṣe ló fà á sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Géètì la ṣì. Ẹ máa rí i, a óò kó gbogbo ẹ̀ lónìí."

"Rárá, rárá," ni Akínọ̀ṣọ́ wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. "Ẹ má ni ara yín lára. Ẹ kàn la ibi tí mo lè gbà kọjá. Èyí tó kù, díẹ̀díẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi kó o. Láràárọ̀ ni Tájù ń dé pẹ̀lú bárò, láràárọ̀ sì ni Àlájà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ẹni tí kì í tẹ̀lé típà lọ ibì kankan. Akínọ̀ṣọ́ á gbé àga síta fún un lábẹ́ igi máńgòrò, á gbé omi tì í. Àlájà á mu gbogbo jọ́ọ̀gì omi náà tán, á ní kí wọ́n fi ilé ìyàgbẹ́ han òun, á tọ̀, á padà wá jókòó, á tún béèrè omi.

Opó lọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, búrẹ́dì àti sàdíìnì ló sì fi ń gbé ẹ̀mí ró. Àlájà rí agolo sàdíìnì tó tò sẹ́yìn ilé bí ọmọ ogun, àánú sì ṣe é. Ìkọ́kọrẹ́ ló gbé dé lọ́jọ́ kejì, ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú tí ẹja yíyan kún bámúbámú. Dókítà jẹ ẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

"Ata ni àbí ẹkún ni?" Àlájà béèrè.

"Mi ò tíì lè yà wọ́n sọ́tọ̀."

Lọ́jọ́ kan, Àlájà ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún òun. Dókítà bu ìrẹsì díẹ̀ sínú abọ́, ó ṣa ẹyọ mẹ́rin sórí tábìlì.

"Báyìí ni wọ́n mọ. Mẹ́rin péré, wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn gògóńgò. Àwọn ló ń pàṣẹ fún kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jí èròjà yẹn kó nínú egungun, á máa dà á sínú ẹ̀jẹ̀. Egungun á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òkúta á hù sínú kíndìnrín, orí á máa gbàgbé nǹkan."

"Olè inú ilé nìyẹn."

"Olè inú ilé gan-an."

"Mo ní irú ẹ̀ kan ní yáàdì," ni Àlájà wí. "Yanrìn mi ló fi kọ́lé tiẹ̀." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Tájù fi gbé ṣọ́bìrì dúró tó ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni Àlájà ti ń pè é ní Bàbá Onírẹsì.

Sìdíkàt, ọmọ Àlájà, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Igbó Ẹfọ̀n, ló kọ́kọ́ fura. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń fín lọ́fínńdà sára láàárọ̀.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ kó yanrìn."

"Pẹ̀lú lọ́fínńdà? Yanrìn típà kan ṣoṣo! Látìgbà wo lẹ ti ń kó o?"

"Yanrìn náà wúwo ni."

"Màmá, ẹ ti ní ọmọ-ọmọ o. Kí làwọn èèyàn máa wí?"

"Wọ́n á ní mò ń ta sánsán." Ó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí òkè yanrìn náà kù bí ebè iṣu ni wàhálà dé. Àlájà fẹ́ dìde lórí àga, ló bá fọwọ́ mú ìbàdí, ó kérora.

Akínọ̀ṣọ́ gbé síbí ìjẹun sílẹ̀. "Àlájà, ṣé egungun máa ń dùn yín ni?"

"Egungun ta ni kì í dùn ún?"

"Òkúta kíndìnrín ńkọ́? Ṣé ó ṣe yín rí?"

"Níjọ́sí. Mo ní ìbejì ni mo ń bí."

"Ìgbẹ́ ńkọ́? Ṣé ó máa ń yá, àbí ó máa ń le?"

Àlájà dìde dúró gbọnrangandan. "Bàbá Onírẹsì! Ẹ ò tíì lanu sọ pé ẹ fẹ́ràn mi, ìgbẹ́ mi lẹ ń béèrè?"

Ojú ti ọkùnrin náà débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Mo fẹ́ràn yín," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń béèrè."

Atẹ́gùn fẹ́ ewé máńgòrò. Àlájà, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ láàárín àwọn awakọ̀ típà, kàn jókòó padà.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọkàn mi ti ń sọ fún mi pé ọ̀kan nínú kókó mẹ́rin yẹn ti wú lára yín," Akínọ̀ṣọ́ ń bá a lọ. "Omi tí ẹ ń mu, ìtọ̀ tí ẹ ń tọ̀, ìgbàgbé yẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa wò ó. Tí a kò bá wò ó, egungun yín á máa ṣẹ́, kíndìnrín yín á kọṣẹ́. A gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, àti ìtọ̀ ọjọ́ kan gbáko, láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, nínú kẹ́ẹ̀gì."

"Abẹ́rẹ́ ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká fi ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Ó dára. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́." Ó wo abọ́ ìkọ́kọrẹ́ náà bí ẹni ń dágbére fún un. "Tí àìsàn náà bá wà lára yín, inú ìwádìí mi lẹ máa bọ́ sí. Aláìsàn mi lẹ dà nìyẹn, dókítà kì í sì í fẹ́ aláìsàn rẹ̀. Mi ò ní lè wá jókòó báyìí mọ́. Ṣùgbọ́n tí ara yín bá le..." Kò parí rẹ̀.

Gbólóhùn tí kò parí yẹn nìkan ni Àlájà gbé délé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà síwájú, ó ń wò ó. Ó mọ̀. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn kà sílẹ̀ ló wà lára rẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ti ń gbé inú ìbàdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì yìí, á gba ìlera, á pàdánù Akínọ̀ṣọ́. Tí kò bá tọ̀ sí i, egungun á máa bá a jà, ṣùgbọ́n ẹnì kan á wà tí yóò máa wo ọrùn rẹ̀.

Ó ronú fún ìgbà tó pẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nínú ilé ìyàgbẹ́, níbi tí ìgbẹ́ ti ń le mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú náà ti wá.

"Tájù," ó pè é ní yáàdì láàárọ̀. "Ìwọ lara ẹ le jù nínú gbogbo wa níbí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájà." Tájù fẹ àyà. Ọkùnrin ogójì ọdún ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn, apá rẹ̀ bí òpó iná. "Kí lẹ fẹ́ kí n gbé?"

"Kì í ṣe gbígbé. Títọ̀ ni."

Iṣẹ́ ni Tájù kà á sí, ó sì ṣe é bí iṣẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó nínú típà, ó gbé e dé Ṣàngótẹ̀dó, ó gbé e bọ̀. Ó ń mu omi léraléra kí ọjà má bàa dín. Lọ́jọ́ kejì, kẹ́ẹ̀gì kún dé ọrùn. Àlájà dì í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí Akínọ̀ṣọ́ fi dé yáàdì ní Ajah. Kò wá síbẹ̀ rí. Ó dúró láàárín òkè yanrìn méjì, kóòtù rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú oríire, Àlájà. Kálísíọ̀mù inú ìtọ̀ yẹn dára. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀."

"Alihamudulilaahi! Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mi ò ní jókòó. Mo kàn fẹ́ béèrè nǹkan kan, kí n sì máa lọ. Ta ni ọkùnrin tó ń bá yín gbé?"

Ẹnu Àlájà là. "Ọkùnrin wo?"

"Àlájà, iṣan ara wa máa ń da ohun kan sínú ìtọ̀. Bí iṣan bá ṣe tóbi tó ni ohun náà ń pọ̀ tó, a sì máa ń wọ̀n ọ́ ká lè mọ̀ bóyá ìtọ̀ náà pé. Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yín kì í ṣe ti obìnrin. Kì í ṣe tèmi náà. Mo wọn tèmi." Ohùn rẹ̀ wá kéré. "Ti ẹni tó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì lágbára. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti da kẹ́ẹ̀gì yín pọ̀ mọ́ tiẹ̀ nínú ilé. Mi ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du obìnrin."

Bó ṣe ń wí báyìí ni Tájù ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì kan lórí èjìká ọ̀tún, òmíràn lórí èjìká òsì.

"Dókítà, ẹ káàsán o!" ló kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Ṣé kẹ́ẹ̀gì yẹn tó? Tí kò bá tó, mo ṣì ní o!"

Akínọ̀ṣọ́ wo Tájù. Ó wo àpò méjèèjì. Ó wo Àlájà.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé Àlájà. Ó rín, ó rín, ó fi ọwọ́ lu itan, ó jókòó sórí yanrìn, gèlè rẹ̀ sì yọ. Ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó ń sunkún bí ọmọdé, yanrìn lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ìtọ̀ Tájù ni," ó wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ ní tí mo bá ń ṣàìsàn, ẹ ò ní wá mọ́."

Akínọ̀ṣọ́ jókòó sórí yanrìn tì í, tòun ti ṣòkòtò eérú. "Ẹ fẹ́ pa ara yín torí ìkọ́kọrẹ́ tí mò ń jẹ?"

"Kì í ṣe torí ìkọ́kọrẹ́. Torí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni."

Ọkùnrin náà tún wo ọrùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń wá àwọn tó ní àìsàn yìí káàkiri; ẹni tó bá ti rí, bí ẹni rí wúrà ni. Ẹni tí àmì rẹ̀ pé jù lọ sì nìyí, tó jókòó tì í, tó ń fi etí ìró nu imú.

"Mi ò ní fi yín sínú ìwádìí mi," ó wí níkẹyìn. "Dókítà kan wà, Ọmọ́wùnmí lorúkọ rẹ̀, òun kì í bá mi ṣiṣẹ́. Òun ló máa tọ́jú yín. Mi ò ní wo ẹ̀jẹ̀ yín. Mi ò ní wo ìtọ̀ yín."

"Ẹ ò ní béèrè ìgbẹ́?"

"Láéláé. Ojú yín nìkan ni màá máa wò."

"Àti ọrùn."

"Àti ọrùn," Akínọ̀ṣọ́ gbà.

Ohun tí Akínọ̀ṣọ́ rò náà ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ Àlájà. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Sìdíkàt ló gbé ìyá rẹ̀ lọ, ó sì bá Akínọ̀ṣọ́ lórí bẹ́ǹṣì àwọn àlejò níta wọ́ọ̀dù, fúláàsì oúnjẹ lórí itan. Àlájà kò sí níbẹ̀ láti rí i, àmọ́ ìgbà tó yá, Sìdíkàt sọ ọ́ fún un délẹ̀délẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá. "Prof! Kí lẹ ń ṣe lórí bẹ́ǹṣì? Ẹ wọlé, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ dúró níta!"

"Àlejò ni mí lónìí. Àkókò àlejò kò tíì tó."

"Ta lẹ wá wò? Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀ dókítà wo Sìdíkàt bí ọmọ iléèwé tí kò mọ ìdáhùn. Sìdíkàt, tó ti ká apá mọ́ àyà láti òwúrọ̀, wo fúláàsì náà. Ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa. Ó fa imú, ó gbọ́ òórùn ìkọ́kọrẹ́ tó ti jóná, èyí tí ọkùnrin náà sè fúnra rẹ̀.

"Bàbá wa ni," ló dá nọ́ọ̀sì lóhùn. Ó sì tú apá ká.

Dókítà Ọmọ́wùnmí fi ohun tó yọ han Àlájà lẹ́yìn náà. Ó tó kóró àgbálùmọ̀. "Olè inú ilé," Àlájà sọ sí i, ohùn rẹ̀ ti ha. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú. Òùngbẹ dáwọ́ dúró. Ìbàdí kò dùn ún mọ́. Lórí ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́, ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé ó ń kọrin jáde níbẹ̀. Orí rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ó rántí gbogbo oníbàárà, gbogbo òpópó, gbogbo géètì tó wà láti Ajah dé Igbó Ẹfọ̀n.

Ìdí nìyẹn tó fi jágbe mọ́ Tájù láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Thomas Estate, géètì dúdú, apá òsì? Rárá o! A ṣe àṣìṣe yẹn rí! Apá ọ̀tún ni!"

"Àlájà, apá òsì ni wọ́n wí. Wọ́n ti sanwó."

Àlájà wọ típà fúnra rẹ̀, ó jókòó ti Tájù. Nígbà tí wọ́n dé, Akínọ̀ṣọ́ dúró níwájú géètì rẹ̀ nínú ṣòkòtò eérú yẹn, ó ń fọwọ́ júwe ibi tí wọ́n máa dà á sí. Yanrìn ya sílẹ̀ wàá, ó dí géètì pa.

Àlájà bọ́ sílẹ̀. "Bàbá Onírẹsì, kí lẹ fẹ́ kọ́?"

"Kò sí."

"Kí wá lẹ fẹ́ fi yanrìn ṣe?"

"Orí yín ti mọ́ báyìí. Ẹ ò lè ṣìnà dé géètì mi mọ́. Mo ní kí n ṣe é fúnra mi." Ó tọ́ka sí yanrìn náà. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa kó o kúrò. Díẹ̀díẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

"Rùkáyàt," ló pè é, láìfi Àlájà kún un, fún ìgbà àkọ́kọ́. "Má kó o tán."

Àlájà wò ó. Ó fọwọ́ kan ojú àpá tín-ín-rín tó wà lọ́rùn rẹ̀, tí kò fi ìborùn bò rí. Ó wá gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ kọ́kọ́ gun yanrìn yẹn kí n rí i. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni mo fẹ́ tún wò kí n tó dáhùn."

Akínọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún gun òkè yanrìn. Ó sún sókè, yanrìn fà á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń yọjú lórí ọgbà. Kò tíì dé àárín nígbà tí Rùkáyàt bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ó ká ìró, ó gun yanrìn náà tẹ̀lé e, egungun kan kò sì ké lára rẹ̀. Òun ló tilẹ̀ fi ọwọ́ ti ìdí ọkùnrin náà títí wọ́n fi jọ dé òkè, wọ́n sì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ti gbà," ó wí.

Tájù gbé ṣọ́bìrì dé, ó gbójú sókè. "Àlájà, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ sí í kó o?"

"Tájù, máa lọ sílé," Rùkáyàt dá a lóhùn látòkè. "Yanrìn yìí wúwo."